Ta Ló Kọ́ Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́?

    Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan, torí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe jẹun, ọkàn wọn ń lọ sí ẹ̀wà ilé oúnjẹ wa àti àwọn tó máa ń fo ògiri ní alẹ́ Sátidé. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ló ti wà lọ́rùn mi láti SS 2. Gbèsè ni mo kà á sí, mo sì fẹ́ san án lónìí níwájú gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn mú, oorun sì ń kùn wá. Olùkọ́ ìtàn wa wọlé. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ, bàbá tí ẹfun ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lápá aṣọ wọn. Wọ́n ya ẹlẹ́ṣin kan sára bọ́ọ̀dù. Ká sòótọ́, ewúrẹ́ ló jọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, wọn kò bínú. Wọ́n bi wá pé kí ló sọ Ọ̀yọ́ àtijọ́ di ìjọba ńlá tí gbogbo agbègbè ń bẹ̀rù. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹṣin, sà!" Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá tún bi wá pé, "Ta ló kọ́ ẹlẹ́ṣin náà?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Ẹnì kan láti ìjókòó ẹ̀yìn ní, "Bàbá rẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní, "Ta ló wá kọ́ bàbá rẹ̀?" Agogo lù. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n ní ká lọ ronú sí i. Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé, a kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí a fi jáde.

Ó ti lé ní ọdún 15 báyìí. Mo ti kàwé díẹ̀ sí i ní Poli, iṣẹ́ ìròyìn sì ti gbé mi dé oríṣiríṣi ibi. Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn. Ẹ bá mi ká lọ.

Ẹṣin kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ilẹ̀ Yorùbá kò rọ ẹṣin lọ́rùn. Eṣinṣin kan wà nínú igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Bí ó bá jẹ ẹṣin, ó lè kó àìsàn sí i lára. Ẹṣin náà á máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dínkù, títí tí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí ẹṣin kò fi pọ̀ ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín rí. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́-Ilé, Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, wà lókè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, koríko pọ̀, igbó kò dí, eṣinṣin náà kò sì pọ̀ bíi ti inú igbó. Ẹṣin ráyè sáré níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, Ọ̀yọ́ kò bí ẹṣin tó ìlò rẹ̀. Àríwá ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 16, àwọn Tápà ló ṣígun lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ sápá ilẹ̀ Ìbàrìbá, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀dó sí Ìgbòho. Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson gbà sílẹ̀ sọ pé nígbà tí Aláàfin Ọ̀rọmpọ̀tọ̀ jọba ní Ìgbòho, ó ní ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin, ìyẹn 1,000, nínú ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn òpìtàn kan sì sọ pé obìnrin ni Ọ̀rọmpọ̀tọ̀. Ìgbà ayé Aláàfin Abípa ni wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Lójú tèmi, ibi ìyà ni Ọ̀yọ́ ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ó wo ohun tí àwọn ará òkè fi ń jà, ó lọ kọ́ ọ, ó sì fi padà sílé.

Ẹ̀kọ́ náà wọ́n o. Robin Law, ọ̀mọ̀wé òyìnbó tó kọ ìwé nípa ìjọba Ọ̀yọ́ ní 1977, tó tún kọ òmíràn nípa ẹṣin ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1980, ṣàlàyé bí owó ṣe ń yí. Ọ̀yọ́ ń ta ẹrú fún àwọn òyìnbó létí òkun, ó ń gba ọjà òyìnbó, ó sì ń fi ọjà náà ra ẹṣin lókè. Ẹṣin á tún gbé ọmọ ogun lọ síbi tí wọ́n á ti kó ẹrú mìíràn. A kì í fẹ́ sọ apá yìí nígbà tí a bá ń fi Ọ̀yọ́ yangàn, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kọ́ wa nítàn kò kọ́ wa láti fo ojú ewé.

Ẹṣin pẹ̀lú jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí a wà ní kíláàsì, a rò pé kí èèyàn sáà ti ní ẹṣin, kó gun orí rẹ̀, ó ti di jagunjagun. Irọ́ ni. Ọ̀yọ́ ní àwọn Ẹ̀ṣọ́, 70 ni wọ́n, mẹ́wàá-mẹ́wàá lábẹ́ ìjòyè kọ̀ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí wọn. Akọni ni ẹni tí wọ́n bá fi jẹ Ẹ̀ṣọ́, kò sì gbọdọ̀ kẹ́yìn sógun. Ẹ wá fojú inú wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lórí ẹṣin. Ọwọ́ kan di ìjánu mú, ọwọ́ kejì gbé ọ̀kọ̀. Eruku ń sọ, ìlù ń dún, ẹṣin ń sáré. Ọwọ́ wo ló kù tí yóò fi darí ẹṣin? Kò sí. Itan, orúnkún àti ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Ẹṣin náà sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ èdè yẹn kó tó di ọjọ́ ogun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dahomey fi èyí hàn. Ní 1726, Ọ̀yọ́ kó ẹlẹ́ṣin lọ bá Dahomey jà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin Republic lónìí. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣòwò ẹrú ní etí òkun yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1734. Ó ní ẹsẹ̀ ni àwọn ará Dahomey fi ń rìn, ìbọn ni wọ́n fi ń jà. Bí ìbọn bá ti dún, ẹṣin Ọ̀yọ́ á ta, á yí padà, ẹni tó gùn ún kò sì lè fipá mú un wọ àárín ọ̀tá. Akíkanjú ni àwọn tó gùn wọ́n. Ẹṣin ni kò tí ì gba ẹ̀kọ́ ìró ìbọn. Lẹ́yìn ìjà ọjọ́ mélòó kan, Dahomey fi ọtí líle sílẹ̀ nínú ìlú, wọ́n sì sá lọ. Àwọn ọmọ ogun wa bá ọtí, wọ́n mu ún yó bàmù, wọ́n sùn sílẹ̀, ọ̀tá padà wá bá wọn. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ọtí àti àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ wa. Síbẹ̀, Ọ̀yọ́ kò dákẹ́. Wọ́n tún padà lọ, wọ́n tún padà lọ, títí tí Dahomey fi gbà ní 1730 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì fìdí àdéhùn náà múlẹ̀ ní 1748.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹṣin gígùn ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn kan àti ẹṣin kan. Bí ọ̀kan bá gbọ́n tí èkejì kò gbọ́n, asán ni. Ìkejì, ẹṣin kì í dá ni ká má tún un gùn.

Àwọn tó di okùn mú

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìbéèrè bàbá. Ta ló kọ́ wọn?

Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú Hausa pọ̀ nílé àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́. Àwọn ló ń fá irun, àwọn ló ń ṣe okùn, àwọn ló ń da màlúù. Law ní irú àwọn ará òkè bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́ gbára lé láti máa tọ́jú ẹṣin. Ó bọ́gbọ́n mu. Ilẹ̀ tí ẹṣin ti wá ni àwọn náà ti wá. Wọ́n bá ẹṣin nílé bàbá wọn.

Ẹ ro iṣẹ́ náà wò. Lójoojúmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ gé koríko, kó pọn omi. Bí ẹṣin bá ti eré ìje dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fà á rìn díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé pátákò rẹ̀ wò bóyá òkúta há síbẹ̀, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá gàárì ti bó o. Ẹnì kan ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹṣin yìí kò jẹun láàárọ̀ yìí, nǹkan ń ṣe é. Ẹni tó ń sùn ti ẹṣin ló mọ èyí tó ń bẹ̀rù ejò, èyí tó ń bínú bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án ní etí, èyí tó lè sáré títí ilẹ̀ á fi ṣú. N kò rò pé ọmọ ìjòyè kankan lè gun orí ẹṣin jókòó dáadáa láìjẹ́ pé irú ẹni yìí ló kọ́kọ́ di okùn mú fún un, tó ń sọ fún un pé má fa ìjánu bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ̀.

Nítorí náà, sà, bí ẹ bá tún bi mí pé ta ló kọ́ ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, n ó dìde dúró, n ó ní: ẹrú ni, sà. Ẹni tí a kò dárúkọ nínú ìtàn ni.

Ọ̀yọ́ sì san gbèsè àìdárúkọ yẹn. Ní 1783, Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1790, Tápà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé wá bẹ̀rẹ̀ sí há. Ní 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, tó ti ń bá Aláàfin ṣọ̀tẹ̀, pe àwọn ẹrú ará òkè pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n gba òmìnira. Wọ́n dìde lóòótọ́, wọ́n sì rọ́ lọ sí Ìlọrin. Ta ni kò ní lọ? Ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọwọ́ tó mọ ẹṣin bá wọn lọ. Àfọ̀njá pàápàá kò jèrè rẹ̀ pẹ́, torí ọwọ́ àwọn tó pè ló kú sí. Ẹṣin ṣì wà ní Ọ̀yọ́ o, gàárì wà, oyè Ẹ̀ṣọ́ wà. Àwọn tó ń kọ́ni ni kò sí mọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe fáàrí díẹ̀ níhìn-ín, torí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ọdẹ ló tẹ ìlú wa dó, Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Nígbà tí Àfọ̀njá lọ, Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Òun ló kó ogun Ọ̀yọ́ lọ bá Ìlọrin ní Ogele. Àwọn ẹlẹ́ṣin Fúlàní wà lẹ́yìn Ìlọrin, wọ́n sì ṣẹ́gun wa pátápátá. Ẹ wo bí ayé ṣe yí: ohun tí Ọ̀yọ́ ti fi ń dẹ́rù ba ayé rí ni wọ́n wá fi lé Ọ̀yọ́.

Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń tú. Ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro. Ibẹ̀ ti di ara ọgbà ẹranko ìjọba lónìí, Old Oyo National Park. Àtìbà gba oyè Aláàfin, ó sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun ní nǹkan bí 1837. Ọ̀yọ́ tuntun yẹn ni a ti lọ sílé ìwé, ẹ̀bá igbó ló wà, kì í ṣe àárín ọ̀dàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun lé sì forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú wa gbà wọ́n, ó mọ odi yí ká, ọ̀tá kò sì rí i kó ní gbogbo ogun ọ̀rúndún 19. Ìdí nìyí tí agbolé Ògbómọ̀ṣọ́ fi kún fún ọmọ oríṣiríṣi ìlú tó ti parẹ́. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn yọ sí ogun Ìlọrin lóru ní Òṣogbo, wọ́n sì ṣẹ́ wọn. Ẹlẹ́ṣin tó bá wọ ilẹ̀ igbó kò lè ṣe bó ti ń ṣe ní ọ̀dàn.

Ọmọ Tóyèjẹ, Òjó Aburúmákùú, náà jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lẹ́yìn náà. Johnson ní kò sí ogun láyé tirẹ̀, ṣùgbọ́n torí kí oyè má bàa dùn ún, ó dá ìjà sílẹ̀ nínú Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, ó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ní 1964 olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa, tún jẹ oyè náà. Mẹ́ta ni ti wa.

Olókùn-Ẹṣin

Oyè kan wà láàfin Ọ̀yọ́ tí n kò lè fò dá. Olókùn-Ẹṣin ni, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Johnson pè é ní ọ̀gá tó ń bójú tó ẹṣin, ó sì kà á mọ́ àwọn tí àṣà ní kí wọ́n bá Aláàfin lọ bí ọba bá wàjà.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà 1944, Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù I wàjà. Ní oṣù Jánúárì 1945, Olókùn-Ẹṣin Jinadu ti Ìkòyí wọ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ń jó láti lọ ṣe ohun tí àṣà ní kó ṣe. Òyìnbó tó ń ṣàkóso ní kí wọ́n mú un, kí ó má bàa kú. Nígbà tí Murana, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gbọ́, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká gbé tirẹ̀, Death and the King's Horseman, jáde ní 1975. Biyi Bándélé sọ ọ́ di fíìmù tó jáde ní 2022, ọdún tí òun náà ṣaláìsí.

A ka ìwé náà, a ṣe é léré, a jiyàn lórí rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Gbogbo ayé mọ bí Olókùn-Ẹṣin ṣe yẹ kó kú. Ta ló bèèrè rí bí ó ṣe ń bá ẹṣin gbé? Ta ló bèèrè ohun tó mọ̀?

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbòmíràn

Ó yẹ ká wo òde díẹ̀, torí kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan ló fi ẹṣin jagun. Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbà ẹṣin lójú ogun ń lọ sópin, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà kú. Wọ́n sọ ọ́ di eré ìdárayá. Ní 1902, àwọn ọmọ ogun Faransé gbé ìdíje kan kalẹ̀ láti mọ ẹṣin tó yẹ fún ogun. Ní 1912, irú ìdíje náà wọ Òlíḿpíìkì ní Stockholm. Òun ni wọ́n ń pè ní eventing lónìí. Àwọn ọ̀gá ológun nìkan ni wọ́n ń gbà láyè. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú, nígbà tó sì di 1964 ní Tokyo, Lana du Pont ti Amẹ́ríkà di obìnrin àkọ́kọ́ tó kópa nínú rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Ká ní Ọ̀rọmpọ̀tọ̀ wà láyé, á rẹ́rìn-ín sí wọn pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé.

Ìdánwò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹnì kan náà àti ẹṣin kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ni ìgbọ́ràn: ẹṣin á rìn, á sáré díẹ̀, á yí, á dúró, gbogbo rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹni tó ń wò má mọ ìgbà tí ẹni tó gùn ún pàṣẹ. Ìkejì ni ìfaradà: ẹṣin á sáré gba inú pápá, á fo kòtò, á fo igi ńlá, á wọ odò jáde. Ìkẹta ni fífo àwọn igi tí wọ́n gbé lélẹ̀ láìso mọ́ ibì kan. Bí pátákò bá kàn án, á já bọ́, máàkì á sì lọ. Kí ó tó di ìkẹta, dókítà ẹranko á yẹ ẹṣin wò. Èyí tó bá ń tiro, ó parí fún un nìyẹn, bó ti wù kí ẹni tó gùn ún lókìkí tó. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ìlera ẹṣin ṣáájú ògo èèyàn.

Àwọn olùkọ́ ló sì sọ ẹ̀kọ́ náà di ohun tó dáa. Ọ̀kan nínú wọn ni Federico Caprilli, ọ̀gá ológun ará Ítálì tí wọ́n bí ní 1868. Kí ó tó dé, bí ẹṣin bá fẹ́ fò, ẹni tó gùn ún á fi ara sẹ́yìn, á fa ìjánu gan-an. Ẹṣin á fi ìrora balẹ̀. Caprilli jókòó, ó wo bí ẹṣin ṣe ń fò nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn ọmọ ogun pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n dẹ ọwọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ẹṣin ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ìlú mìíràn ń rán ọmọ ogun wọn wá sí Ítálì láti kọ́ ọ. Ó kú ní 1907 nígbà tó ṣubú lórí ẹṣin. Ohun tó kọ́ wọn kò bá a kú: títí dòní, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ẹṣin fo igi, ìjókòó Caprilli ló jókòó. Xenophon ará Gíríìkì sì ti kọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé èèyàn kò gbọdọ̀ fi ìbínú bá ẹṣin lò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà gbọ́ èyí. A kì í bínú sí yín nítorí pàṣán mọ́.

Owurọ̀ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Ìlọrin

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi lọ síbi ayẹyẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti gbé ẹṣin jáde. Mo bá bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní kí n wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin. Mo wọ ṣòkòtò tó dáa lọ, mo gbé kámẹ́rà dání. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbá ìgbẹ́ ẹṣin. Mo pọn omi. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ra á lọ́rùn, kí n má sọ̀rọ̀ sókè, kí n má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí n fà á rìn yí ká ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni n ó gùn ún. Wọ́n ní ẹṣin náà ṣì ń wò mí ni, kò tí ì gbà.

Nígbà tó di bí aago 10, wọ́n gbé mi gùn ún, láìsí gàárì, wọ́n di okùn mú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: kí n má rọ̀ mọ́ ìjánu, ẹnu ẹṣin kì í ṣe ibi ìdìmú. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Iyanrìn kún ẹnu mi. Bí mo ti ń gbọn ara, wọ́n ti fà á wá síwájú mi pé ó yá, kí ẹ̀rù má bàa bá mi sùn. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní bàbá àwọn ló kọ́ àwọn, bàbá bàbá àwọn ló sì kọ́ bàbá. Wọn kò ní oyè kankan. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ló nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà, òun náà ti lọ ń gun ọ̀kadà l'Ékòó.

Mo jókòó lórí òkúta kan níbẹ̀, mo rántí ọmọkùnrin tó dáhùn láti ẹ̀yìn kíláàsì. "Bàbá rẹ̀ ni, sà." A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Ó gba ìdajì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹgbẹ́ wa ń fúnni láwo ẹ̀yẹ bí a bá pàdé. A fún ẹni tó di ọ̀gá báńkì, ẹni tó di olóyè, ẹni tó fún ilé ìwé ní bọ́ọ̀sì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ wa nìyẹn, kí Ọlọ́run fi kún un fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó di okùn mú ńkọ́? Olùkọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ìyá tó ń se ẹ̀wà tí a ń bú, tó máa ń fi tirẹ̀ pa mọ́ fún ọmọ tí kò ní owó? Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tó mọ orúkọ gbogbo wa, tó mọ ẹni tí ilé kò bá owó rẹ̀ wá rí? Orúkọ ta ni nínú wọn ló wà nínú ìwé wa?

Àbá mi ni pé láti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ máa fa ẹnì méjì yọ lọ́dọọdún nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan bá tiẹ̀ ti lọ, kí a pe ọmọ rẹ̀. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ àti bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọ̀yọ́ kọ orúkọ ọba sílẹ̀, ó kọ orúkọ ológun sílẹ̀, ó gbàgbé ẹni tó mọ ẹṣin. Ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Sà, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin náà ń bọ̀ níbi ìpàdé yìí, pé orí ìjókòó iwájú ni wọ́n máa fi yín sí. Mo ti dáhùn ìbéèrè yín. Bí mo bá ṣì í, ẹ pè mí síwájú bọ́ọ̀dù kí ẹ tọ́ mi sọ́nà, mi ò ní rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ: bí ẹ bá tún ya ẹṣin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi irùngbọ̀n sí i.